Blade Runner: ohun tí wọ́n yọ àti ohun tí wọ́n fi kún un

Òjò ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀dà olùdarí Blade Runner hàn mí, ìyẹn fíìmù náà bí olùdarí rẹ̀ ṣe fẹ́ kí ó rí, nígbà tí n kò tíì mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Nínú yàrá tí mo ń gbé nígbà náà ní Táńkẹ́, nílùú Ìlọrin, páànù ni ó wà lókè wa, kò sì sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó jókòó tì yín gan-an ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni mo ki àwo Blade Runner bọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Fíìmù náà kò tíì lọ jìnnà tí òjò fi dé, ó sì rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ojú nìkan ni mo fi wò ó ní gbogbo àkókò yẹn. Mo rí ìlú ńlá kan tí ó ṣókùnkùn, tí òjò tirẹ̀ náà kò dá, tí iná aláràbarà ń tàn lára ilé gíga. Mo rí ọkùnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, tí ó ń wá àwọn kan kiri láti pa wọ́n, tí inú rẹ̀ kò sì dùn nígbà tí ó rí wọn pa. N kò sọnù nínú ìtàn náà rárá. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, òjò tiwa dá. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń jà lókè ilé jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tẹrí ba, ó kú. Kí n tó mí kanlẹ̀, ohùn ọkùnrin kan tí n kò rí ẹnu rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tán. Mo rò pé nǹkan mìíràn ni ó ṣèèṣì ṣí nínú kọ̀ǹpútà mi.

Ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí mo tún un wò láìsí òjò, kí ó tó yé mi pé ohùn náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òjò ni ó bò ó mọ́lẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá àwọn ẹ̀dà yòókù kiri. Mo ti wo èyí tí wọ́n gbé lọ sí ilé sinimá ní 1982, mo ti wo èyí tí wọ́n pè ní ẹ̀dà olùdarí ní 1992, mo sì ti wo èyí tí olùdarí náà, Ridley Scott, fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ní 2007. Gbogbo wọn kò ju wákàtí méjì lọ, ìyàtọ̀ gígùn wọn kò sì tó nǹkan. Èrò mi lórí wọn ni pé ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ó sọ fíìmù náà di iṣẹ́ ńlá, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi kún un ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí jù.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, Los Angeles ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ iwájú nígbà tí wọ́n ń yà á. Ilé iṣẹ́ kan ń dá àwọn ènìyàn àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní replicant, tí wọ́n lágbára jù wá lọ, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹrú ní àwọn ayé mìíràn lójú ọ̀run. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n bù fún wọn láti lò. Díẹ̀ nínú wọn sá wá sí ilé ayé láti bẹ ẹni tí ó dá wọn pé kí ó fi ọdún kún ọdún wọn; Roy Batty, tí Rutger Hauer ṣe, ni olórí wọn. Rick Deckard, tí Harrison Ford ṣe, ni ọlọ́pàá tí wọ́n rán láti pa wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá kò sì pè é ní pípa, ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn létí ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ bá ń retí owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba. Ìwé tí Philip K. Dick kọ ní 1968 ni wọ́n ti mú un jáde. Òǹkọ̀wé náà kú ní oṣù Kẹta 1982, oṣù mẹ́ta kí fíìmù náà tó dé ilé sinimá.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó sọ fíìmù kan di ẹ̀dà púpọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 dọ́là ni wọ́n ná, ó kọjá iye tí wọ́n dá lé, àwọn tí ó ṣe onídùúró owó náà sì gba àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé e lọ fi han àwọn òǹwòran ní Denver àti Dallas ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kò yé àwọn, àwọn mìíràn ní ó bani nínú jẹ́ jù. Àwọn olówó náà kò gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè tó òǹwòran. Wọ́n ní kí Deckard máa fi ohùn ara rẹ̀ sọ ìtàn náà bí ó ṣe ń lọ, kí wọ́n sì wá òpin aláyọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Harrison Ford ka ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti sọ ní gbangba pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti òpin aláyọ̀, ọ̀dọ̀ Stanley Kubrick, olùdarí fíìmù mìíràn, ni Scott ti lọ tọrọ àwòrán àwọn òkè ńlá tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú, èyí tí ó ṣẹ́kù lára fíìmù adẹ́rùbani tí Kubrick gbé jáde ní 1980. Ọbẹ̀ àṣẹ́kù ilé ẹlòmíràn ni wọ́n fi parí oúnjẹ náà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, fíìmù náà kò tà dáadáa, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn fíìmù E.T. ti Steven Spielberg ni ó jáde, òǹwòran sì ti ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Ní 1990, wọ́n ṣèèṣì fi ẹ̀dà kan tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a kò tíì parí hàn ní ilé sinimá kan ní Los Angeles. Ohùn Deckard kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, òpin aláyọ̀ náà kò sì sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ilé iṣẹ́ tí ó ni ín gbé ẹ̀dà olùdarí jáde ní 1992. Orúkọ yẹn ju iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ìlànà ni Scott fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn ni ó jókòó ti iṣẹ́ náà, ìkánjú sì wà nínú rẹ̀. Ó di 2007 kí Scott fúnra rẹ̀ tó ní àṣẹ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn náà. Gbogbo wa ni a mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Adéwọlé, ilé kan ṣoṣo ni ó ní ẹ̀rọ fídíò ní òpópónà wa, ẹ̀gbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, tí kò sí fíìmù tí wọn kò tíì wò. Bí a bá ti jókòó, Bọ̀dá yóò bẹ̀rẹ̀: ẹ wò ó, ẹni yẹn máa dalẹ̀ rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, kò ní kú. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí wọ́n jù wá lọ, àwọn ni wọ́n sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ohun tí àwọn olówó fíìmù ṣe ní 1982 ni pé wọ́n gbé Bọ̀dá wọ inú fíìmù náà.

Ibi tí ohùn náà ti kọ́kọ́ jáde ni ibi tí Deckard ti ń dúró nínú òjò kí àyè ó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì. Ohùn náà sọ fún wa pé ọlọ́pàá ni òun tẹ́lẹ̀, pé apànìyàn ni òun, pé ẹja tútù ni ìyàwó tí ó kọ òun máa ń pe òun. (Ẹja tútù kì í ṣe èébú ní ilé wa, ṣùgbọ́n kí a fi ìyẹn sílẹ̀.) Ọlọ́pàá mìíràn tí ó ń jẹ́ Gaff dé, ó ń sọ èdè àdàlù ìgboro tí ọ̀rọ̀ Hungary àti ti àwọn ilẹ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú èdè tí ó jẹ́, pé òun gbọ́ ọ dáadáa, òun kàn ń díbọ́n ni. Kí ni àlàyé náà wà fún, nígbà tí bàbá olóúnjẹ ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Deckard lójú wa? Ẹni tí ó bá ti ra nǹkan rí ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin, tí ó ti gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Fúlàní àti Núpé ní ìsọ̀ kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mọ irú ìlú tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó là á sí i. Nínú ẹ̀dà olùdarí, a kò gbọ́ ju ariwo ìgboro, òjò, àti Deckard tí ó tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń díbọ́n náà hàn kedere lójú Harrison Ford, ó sì dùn ún wò ju kí a sọ ọ́ lọ.

Ibi tí ó dùn mí jù ni ibi ikú Zhora, ọ̀kan nínú àwọn àtọwọ́dá tí ó sá wá. Obìnrin náà sá lọ nínú èrò ìgboro, aṣọ òjò tí ó rí kedere bí gíláàsì wà lára rẹ̀, Deckard sì yìnbọn fún un láti ẹ̀yìn, ó wá ń fọ́ gíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn bí ó ti ń ṣubú. Orin Vangelis, ẹni tí ó ṣe orin fíìmù náà, rọra ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 1982, ohùn náà wọlé láti sọ pé inú òun kò dùn pé òun yìnbọn lu obìnrin láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ènìyàn bá ti sọ pé ohun tí òun ṣe dun òun, ó ti tọrọ gáfárà, òǹwòran sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ forí jì í. Nínú ẹ̀dà olùdarí, kò tọrọ nǹkan kan. Ó dúró síbẹ̀ nínú òjò, ìbọn lọ́wọ́, a sì ń wo apànìyàn kan tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni pé ẹ̀dà méjèèjì kò jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn kan náà mọ́: Deckard ti 1982 jẹ́ ènìyàn rere tí iṣẹ́ búburú já lé lọ́wọ́, Deckard ti 1992 sì jẹ́ ẹni tí a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ibi ikú Roy ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà, mo sì ti sọ ọ́. Àwọn ará Ọ̀fà ní ìjàkadì ni orò ìlú wọn. Bí wọ́n bá wo ìjà tí ó ṣáájú ikú yìí, wọn yóò rí i pé kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Roy ti da Deckard, ó ti ṣẹ́ ẹ ní ìka, Deckard wá ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé tí yóò já bọ́ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá pa ni ó nawọ́ mú un, tí ó fà á sókè. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, nípa àwọn ohun tí ó ti fojú rí tí yóò ṣègbé bí omijé nínú òjò. Hauer fúnra rẹ̀ ni ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, tí ó sì fi gbólóhùn omijé yẹn kún un. Ọwọ́ òṣèré tí ó mọ ibi tí a ti ń dákẹ́ hàn nínú rẹ̀. Ní 1982, kété tí orí rẹ̀ tẹ̀, ohùn Deckard ní òun kò mọ ìdí tí ó fi gba òun là, pé bóyá ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ó fẹ́ràn ẹ̀mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, kò sì burú bí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó dé ni ó burú, ó dà bí ẹni tí ó ń ṣe àlàyé òkú nígbà tí a kò tíì pa ojú òkú dé.

Nígbà tí mo lọ wo àwọn ère òkúta ní Ẹsìẹ́, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ẹni tí ó mú wa wọlé sọ ìtàn rẹ̀ ṣókí, ó sì kúrò lójú ọ̀nà kí a lè fi ojú ara wa wo àwọn ère náà. Ère ni a rí níbẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú fíìmù yìí, ènìyàn ni a rí, òfin ìlú sì ní ère ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ bí èyí nílò kí ẹnìkan kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀dà olùdarí sì kúrò.

Ní ti òpin, ẹjọ́ náà kò gba àkókò. Ẹ̀dà 1982 mú Deckard àti Rachael, obìnrin àtọwọ́dá tí ó fẹ́ràn, jáde kúrò ní ìlú, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ láàárín òkè àti igbó lábẹ́ oòrùn, ohùn náà sì fi kún un pé wọn kò dá ọjọ́ ikú fún Rachael. Bí irú igbó tútù bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, kí ni àwọn ènìyàn ṣe ń sá lọ sí ayé mìíràn? Ẹ̀dà olùdarí parí nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè pa dé mọ́ wọn. A kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn náà kò mọ̀.

Ohun tí wọ́n wá fi kún un ni ẹṣin oníwo kan. Nínú ẹ̀dà 1992, Deckard jókòó nídìí dùùrù, ó ń sùn lọ, a sì rí ẹṣin funfun kan tí ó ní ìwo kan ní iwájú orí, tí ó ń sáré nínú igbó. Ní ìgbẹ̀yìn fíìmù, Gaff fi ẹṣin oníwo kan tí ó fi bébà ká sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Deckard. Bébà náà wà ní 1982 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà náà kò ju pé Gaff ti débẹ̀, ó sì fi Rachael sílẹ̀ láàyè. Nígbà tí àlá ti wà níbẹ̀, ìbéèrè mìíràn yọ: báwo ni Gaff ṣe mọ ohun tí Deckard lá? Àwọn ènìyàn àtọwọ́dá ni wọ́n máa ń fi ìrántí ẹlòmíràn sí nínú, gẹ́gẹ́ bí Deckard ti ka ìrántí Rachael fún un lójú ara rẹ̀. A jẹ́ pé Deckard náà lè jẹ́ àtọwọ́dá. Scott ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Harrison Ford kò gbà fún un nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà.

Èmi wà lẹ́yìn Ford. Bí Deckard bá jẹ́ ènìyàn, a jẹ́ pé ẹni tí ènìyàn dá, tí ènìyàn fi ṣẹrú, tí ènìyàn ń dọdẹ, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọdẹ náà sókè kúrò lẹ́nu ikú. Bí Deckard bá jẹ́ àtọwọ́dá, ẹbí ni ó gba ẹbí là, àánú náà sì dínkù. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó fẹ́ràn àdììtú kò ní gbà pẹ̀lú mi, mo sì gbà pé wọn kò fi ẹnu sọ ọ́, àwòrán ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí sì sàn ju ohùn Bọ̀dá lọ. Síbẹ̀, àlàyé náà ni.

Ẹ̀dà 2007 kò yí ìtàn ti 1992 padà, ṣùgbọ́n ó tún ọ̀pọ̀ àléébù ṣe. Ní àwọn ẹ̀dà ìṣáájú, ọ̀gá ọlọ́pàá ní àwọn àtọwọ́dá mẹ́fà ni ó sá wá, ọ̀kan ti kú, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni a rí, àwọn olólùfẹ́ fíìmù sì ti fi ọdún púpọ̀ wá ẹnì karùn-ún kiri. Ní 2007, ó di pé méjì ni ó kú. Obìnrin tí ó ń fọ́ gíláàsì dípò Zhora, tí ẹnikẹ́ni lè rí i pé irun orí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ti di Joanna Cassidy, òṣèré tí ó ṣe Zhora, fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n pè é padà láti ya ojú rẹ̀ sí i. Okùn tí ó gbé ọkọ̀ tí ń fò dúró kò hàn mọ́. Ìwà ipá tí wọ́n fi han àwọn ará òkèèrè ní 1982, tí kò sí nínú ti 1992, padà wọlé, nítorí náà kí ẹ má wò ó pẹ̀lú ọmọdé. Nígbà tí Roy kú, ẹyẹlé funfun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fò lọ. Ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́, inú òfuurufú ọ̀sán ni ó fò wọ̀ nígbà tí òjò òru ṣì ń rọ̀, ṣùgbọ́n ní 2007, òkùnkùn ni ó wọ̀. (A ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ kí ó di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Ti Roy yìí kò gbọ́ òwe náà.)

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Àwo àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹ̀dà olùdarí ni wọ́n tẹ̀ sí ara páálí rẹ̀, ti 1982 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó sì tà á fún mi kò gbà á padà. Ẹ ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí Deckard bá ń sọ̀rọ̀ láìṣí ẹnu nídìí oúnjẹ, ti 1982 ni. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sáré lọ sí ibi tí ẹyẹlé ti fò: bí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀, ti 1992 ni, bí ó bá dúdú, ti 2007 ni, òun sì ni kí ẹ rà. Páálí kan tún wà tí wọ́n gbé jáde ní 2007 tí ẹ̀dà márùn-ún wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, n kò sì rí ìdí tí ẹni tí kò bá ya wèrè fíìmù bí tèmi yóò fi rà á. Ti 1982 yẹ kí a wò lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan, láti mọ ohun tí wọ́n mú kúrò.

Nígbà Iléyá tó kọjá, mo padà sí Adéwọlé, mo sì gbé ẹ̀dà 2007 sí i fún Bọ̀dá, tí irun orí wọn ti funfun báyìí. Ti 1982 ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí Deckard jókòó nídìí oúnjẹ rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan, wọ́n wo ẹ̀rọ náà títí, wọ́n ní, “Ohùn rẹ̀ dà?” Mo ṣàlàyé fún wọn pé olùdarí ni ó yọ ọ́. Wọ́n mi orí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí Gaff dé, wọ́n na ìka sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: “Ẹ wò ó, ó gbọ́ gbogbo ohun tí ẹni yẹn ń sọ o, ó kàn ń díbọ́n ni.”